504 àbí Big Daddy? Bí ẹ ṣe máa fi ọkọ̀ àtijọ́ méjì wéra ní Abẹ́òkúta kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ tí apá rẹ̀ máa ká ní Abẹ́òkúta lónìí, oríṣi méjì ló sábà máa ń kò. Ọ̀kan ni Peugeot 504 tí bàbá kan ti gbé pamọ́ sábẹ́ àtíbàbà láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwọn ọmọ wá ní kí àwọn tà á. Èkejì ni Toyota Camry tí gbogbo ayé ń pè ní Big Daddy, ti ọdún 2002 sí 2006, tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó lẹ páálí “For Sale” mọ́ gíláàsì rẹ̀. Iye wọn kò dọ́gba. Camry ló sábà ń wọ́n jù, ṣùgbọ́n owó tí ẹ rò pé ẹ dá sí lórí 504 lè wọlé sí ìsọ̀ mẹkáníìkì kí oṣù méjì tó pé. Nítorí náà, ẹ má béèrè pé èwo ló dáa jù. Ẹ béèrè pé èwo ni ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà nítòsí yín, èwo sì ni àìsàn rẹ̀ kò tíì wọ eegun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìran tí wọ́n ti wá. Ní 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 1975, kò pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ọkọ̀ dókítà, ọkọ̀ èrò tó ń já gbogbo ìlú. Faransé dáwọ́ ṣíṣe èyí tó ní búùtù dúró ní 1983. Kàdúná ṣì ń tò ó lọ títí tó fi wọ ọdún 2000. Ìdí nìyẹn tí 504 méjì tó jọra bí ìbejì fi lè fi ogún ọdún ju ara wọn lọ. Big Daddy ní tirẹ̀ jáde ní ìparí 2001, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rí níbí.

Èrò tó bí ọ̀kan fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ju èrò tó bí èkejì lọ. Kánbúrétọ̀ ni 504 fi ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, òòró ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Nínú Camry, brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ló ń pàṣẹ fún nọ́súlù tó ń fín epo, ẹ́ńjìnnì dá ìbú, táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀. Ohun tó ń pa ìkíní kọ́ ló ń pa èkejì, torí náà a ò ní fi ojú kan náà wò wọ́n. (Àwọn tó ń tìtorí Peugeot àti Toyota bá ara wọn jà ní ìsọ̀ mẹkáníìkì á rẹ́rìn-ín sí èyí: Ove Andersson, ọmọ Sweden tó fi 504 gbégbá orókè nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya ní 1975, òun náà ló padà di ọ̀gá ikọ̀ tó ń fi Toyota díje.)

Ìgbésẹ̀ kìíní: Mẹkáníìkì ṣáájú mọ́tò

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra mọ́tò tán kí wọ́n tó máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹ yí i padà. Fún 504, ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tó lè tú kánbúrétọ̀, kó fọ̀ ọ́, kó tò ó padà, kó sì fi etí gbọ́ ọ nígbà tí ìdúró ẹ́ńjìnnì bá ti dọ́gba. Ó gbọ́dọ̀ mọ contact set àti kọ̀ǹdẹ́ńsà, àwọn ohun kékeré tó ń jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì rí iná, bí ẹni mowó. Irú wọn ń dín kù. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, Toyota ni púpọ̀ nínú wọn fi kọ́ ọ, kánbúrétọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá rí bàbá kan tó mọ̀ ọ́n, yálà ní Láfẹ́ńwá ni o tàbí ní Àṣẹ́rò, ẹ wò ó bóyá ó ní ọmọṣẹ́ tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ ronú lórí ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Fún Camry, ẹ bi ẹni tí ẹ bá rí pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ní scanner tiyín, àbí ẹ máa ń yá a?” Scanner ni ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn tí brain box kọ pamọ́. Ẹni tó ń yá a, kóòdù nìkan ló máa kà fún yín, á wá ní kí ẹ lọ ra sensor. Ẹni tó ní tirẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ tún bi í bóyá ó ti ṣe bóòtù top cylinder (orí ẹ́ńjìnnì) ti Toyota oní lítà 2.4 rí. Ẹni tó ti ṣe é rí á mí kanlẹ̀ kó tó dá yín lóhùn, nítorí iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Mo máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti yan ẹni tí ẹ fẹ́, ẹ sanwó àyẹ̀wò fún un ṣáájú. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹni tó ń ta mọ́tò máa ki owó bọ mẹkáníìkì oníbàárà lápò. Bí ẹ̀yin kò bá sanwó fún ojú rẹ̀, ẹni tó ń tà á lè sanwó fún ẹnu rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ọdún wo gan-an ni?

Lórí Camry, ẹ yọjú wo ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú láti ìta, ní ọwọ́ dírẹ́bà. Ẹ máa rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní lẹ́tà àti fígọ̀ 17. Ẹ kà á láti apá òsì, kí ẹ dúró lórí ẹ̀kẹwàá. Bí ó bá jẹ́ 2, mọ́tò ọdún 2002 ni. 3 jẹ́ 2003. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé 6. Bí wọ́n bá pè é ní 2005 tí ẹ̀kẹwàá sì jẹ́ 3, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Nọ́ńbà kan náà gbọ́dọ̀ wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ sílé.

Ọdún ṣe pàtàkì nítorí jíà. Nínú àwọn oní 2.4, èyí tó jáde títí di 2004, jíà 4 ni ọ̀tọmátíìkì rẹ̀ ní; láti 2005 ó di 5, ó sì máa ń rọrùn lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì náà. Èyí tó ní púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni 2.4, ṣéènì ló ń yí i nínú. V6 ti 3.0, tó ní púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ń lo bẹ́líìtì tó yẹ kí a pààrọ̀ ní 90,000 máìlì, ó sì máa ń mu epo. Pẹ̀lú iye tí epo ti dà láti 2023, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní Òkè-Mósàn lójoojúmọ́ nímọ̀ràn V6. Ẹ rántí pé máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò Amẹ́ríkà ń kà: 150,000 tí ẹ bá rí níbẹ̀, nǹkan bí 240,000 kìlómítà ni.

Ti 504 kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára irin wé ti inú ìwé. GL, GR tàbí SR tí wọ́n lẹ̀ mọ́ búùtù kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun, wọ́n ń rà á lọ́jà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù

Ẹ pe ẹni tó ń tà á ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kò gbọ́dọ̀ ṣíná sí i kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ní kí n fi fọ̀ ọ́ ni,” ẹ fara balẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ́ńjìnnì ló máa ń fojú hàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó bá jí, á sì sá pamọ́ bó bá ti gbóná.

Ní ti 504, ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé tún ṣe. Irin tó ti jẹrà ni yóò kó yín lówó lọ. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí kan ilẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo igun. Ibi tó bá dún bí páálí ti lọ nìyẹn. Ẹ wo ibi tí orí sọ́ọ̀kì iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìdí bátìrì, ẹ wo ilẹ̀ búùtù lábẹ́ sípíà táyà. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan, kí ẹ máa gbé e lé ara ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí kò bá ti mú, pọ́tì ni pánẹ́ẹ̀lì bítà fi dí i. Pọ́tì lára ilẹ̀kùn kò burú. Pọ́tì ní ẹsẹ̀ sọ́ọ̀kì, ẹ má rà á, bó ti wù kí kíkùn rẹ̀ máa dán tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣíná. 504 tó tutù yóò fẹ́ kí ẹ fa choke (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kó lè jí), yóò sì gbọ̀n díẹ̀, kò sí láburú níbẹ̀. Èéfín búlúù tí kò lọ túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun bí ògì, omi ti ń wọnú ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kó dúró títí yóò fi gbóná, kí ẹ máa wo fáànù. Ti ilé-iṣẹ́ máa ń fi mágnẹ́ẹ̀tì di ara mú nígbà tí omi bá gbóná. Bí wọ́n bá ti so ó pa kó máa yí lọ láìdúró, tàbí tí wọ́n ti fi fáànù oníná ti mọ́tò mìíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé rẹdiétọ̀ ni wọ́n ń bò láṣìírí.

Camry gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ó lè máa ṣàìsàn kó sì máa rìn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì ṣíná. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn, ti airbag náà gbọ́dọ̀ tàn. Bí ọ̀kan kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti pa á mọ́ yín lójú. Bí ẹ bá wá ṣíná, méjèèjì gbọ́dọ̀ kú. Iná airbag tí kò kú lè jẹ́ àmì pé mọ́tò náà ti forí sọ nǹkan rí.

Kí mẹkáníìkì yín so scanner mọ́ ọn lábẹ́ sítíárìn. Kóòdù P0420 ń tọ́ka sí catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù sàlẹ́ńsà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, torí wọ́n máa ń gé e tà. P0300 sí P0304 ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń já iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tó ṣòro jù ni kí kóòdù má sí rárá nítorí pé wọ́n pa á rẹ́ ní àárọ̀ yẹn. Ẹ ní kó ṣí ibi tí wọ́n kọ readiness sí, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí brain box ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò bá tíì parí, wọ́n ti pa nǹkan rẹ́ tàbí wọ́n yọ bátìrì láìpẹ́. Ẹ ní ẹ máa padà wá lẹ́yìn tó bá ti rìn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìsinsìnyí ló kan bóòtù tí mo sọ. Nínú ẹ́ńjìnnì 2.4 àkókò yẹn, okùn ihò tí bóòtù top cylinder ń wọ̀ máa ń bọ́, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn, lápá dírẹ́bà àti èrò. Omi á wá máa jò díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú kò tó, ooru ibẹ̀ á gbẹ ẹ́, ilẹ̀ kò sì ní tutù rárá. Ẹ ki fóònù bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí ẹ ya fídíò ibi tí top cylinder ti bá bulọ́ọ̀kù pàdé. Ipa omi tó gbẹ síbẹ̀, ìbáà pupa, ìbáà funfun, ìbáà ní àwọ̀ ìpẹtà, ó tó láti fi mọ́tò yẹn sílẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò lè wò ó. Ihò yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́, kí wọ́n fi okùn irin mìíràn sí i. Ẹ ṣí rẹdiétọ̀ gan-an pẹ̀lú nígbà tó ṣì tutù. Omi inú rọ́bà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tó ẹ̀rí.

Jíà ọ̀tọmátíìkì: ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì rẹ̀ jáde. Pupa tó mọ́ ni à ń wá. Tó bá dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ́ìlì tuntun á tún un ṣe. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé e lọ R, ẹ gbé e padà sí D. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó dáhùn, kò sì gbọ́dọ̀ tàkìtì. Bí gbogbo ara ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tó wà ní D tó dúró, engine seat, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, lè ti lọ. Ìyẹn ṣeé rà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí ìlú dán an wò

Abẹ́òkúta dáa púpọ̀ fún irú ìdánwò yìí, torí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò wọ́n wa. Ẹ gbé mọ́tò kọ̀ọ̀kan láti etí odò Ògùn ní Láfẹ́ńwá gòkè lọ sápá Ìtòkú, kí ẹ̀yin àti mẹkáníìkì wà nínú rẹ̀. 504 tó ní láárí yóò gùn ún pẹ̀lú jíà kejì láìsí igbe. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké lọ sókè tí ìrìn kò yá sí i, clutch ti ń yọ̀. Lórí Camry, ẹ máa wo ọwọ́ ooru lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá kúrò ní àárín nígbà tí ẹ ń gòkè, ọ̀rọ̀ bóòtù yẹn ti padà wá nìyẹn.

Ẹ wá gbé e lọ sí Pánsẹ́kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ kì í lè mira. Kó dúró, kó rìn díẹ̀, kó tún dúró. Ibẹ̀ ni rẹdiétọ̀ 504 ti máa jẹ́wọ́. AC Camry náà gbọ́dọ̀ máa tutù níbẹ̀, torí èyí tó ń tutù nígbà tó ń sáré nìkan kò pé. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí kò tètè gbóná rárá kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ thermostat, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, dànù, wọ́n á ní ooru ilẹ̀ wa kò nílò rẹ̀. 504 lè fara dà á. Brain box Camry yóò máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, yóò sì máa da epo lé e lórí.

Ojú ọ̀nà Ṣágámù, láti Kóbapé lọ, ló kù. Ẹ jẹ́ kó sáré dé ìwọ̀n tí òfin gbà, ẹ dẹ ọwọ́ lára sítíárìn díẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì níbi tí kò séwu, kí ẹ wò ó bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. 504 yóò gbé ihò mì ju Camry lọ, ìjókòó rẹ̀ sì rọ̀, kò yà mí lẹ́nu pé àwọn àgbà kò fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní airbag. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé, Camry ni mo máa ní kí ẹ rà, kódà kí 504 náà mọ́ ju tirẹ̀ lọ.

Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ wọn epo. Ẹ rọ ọ́ kún dé ọrùn, ẹ wakọ̀ lọ sí Òdẹ̀dá kí ẹ padà, ẹ tún rọ ọ́ kún ní ibùdó epo kan náà. Ẹ fi iye kìlómítà tí ẹ rìn pín lítà tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Iye lítà tó ń mu fún 100 kìlómítà nìyẹn. Ọ̀nà kan náà ni kí mọ́tò méjèèjì gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kò fi wọ́n wéra.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó gidi

Ẹ jókòó ti mẹkáníìkì yín. Fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó gbọ́dọ̀ di ṣíṣe kó tó jáde nílé, ohun tó lè dúró di oṣù mẹ́fà, àti èyí tí ẹ lè fojú fò. Ẹ pe ẹni tó ń ta sípíà pátì ní Ládipọ̀ ní Múṣin fún iye wọn, kí ẹ má gba iye tí ẹnu kàn sọ. Ẹ ó rí i pé àwọn nǹkan kéékèèké inú 504 kò wọ́n, ṣùgbọ́n ojúlówó ń ṣọ̀wọ́n, ẹ sì lè máa dúró dè é. Ti Camry pọ̀ nílẹ̀ bí erùpẹ̀, ayédèrú sì pọ̀ láàárín wọn. Ẹ ro iye yìí mọ́ owó mọ́tò, kí ẹ tó wá fi àpapọ̀ méjèèjì wéra. Ẹ wo táyà náà: fígọ̀ mẹ́rin tó wà ní òpin nọ́ńbà DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀, bíi 2319, ń sọ pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó bá ti dàgbà, ẹ kà á mọ́ gbèsè, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìwé, lẹ́yìn náà ọ́ìlì

Camry gbọ́dọ̀ ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. 504 Kàdúná kò nílò rẹ̀, rìsíìtì àkọ́kọ́ àti ìwé ìní ló yẹ kí ẹ béèrè. Bí ẹni tó ni ín bá ti kú, ẹ rí àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo tó ní òun ni aṣojú wọn. Kí wọ́n ní ìwé ẹ̀tọ́ ogún láti kóòtù lọ́wọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé níwájú agbẹjọ́rò. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rí, nọ́ńbà tuntun gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé. Inú báńkì ni kí owó gbà kọjá. Ẹ lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun olómi inú rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50 tẹ́ 504 lọ́rùn. Ẹ má bu ú sínú Camry, bí mẹkáníìkì tilẹ̀ ní ó nípọn, ó sì ń pẹ́: 5W-30 ni wọ́n ṣe VVT-i rẹ̀ (ètò tó ń fi ọ́ìlì yí àkókò fáàfù padà) fún, ihò tí ọ́ìlì ń gbà níbẹ̀ kéré. Ẹ kọ ọjọ́ náà àti iye tí dáṣíbọ́ọ̀dù kà sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi í sí pigeon hole. Ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín máa béèrè rẹ̀.